Wá Àbí Wà? Ọjọ́ Mẹ́sàn-án ní Saigon àti ní Ẹnu Odò Mekong

Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì mọ̀ pé èmi àti àmì ohùn kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ní ọdún kìn-ín-ní, olùkọ́ wa kan yọ máàkì mẹ́jọ kúrò nínú ogún lára iṣẹ́ àṣetiléwá mi nítorí pé mi ò fi àmì kankan sí i. Inú bí mi títí. Mo ń sọ kiri pé, "Ṣebí ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tí mo ń sọ." Mo ní láti rìn dé orílẹ̀-èdè Vietnam kí n tó gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì padà. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Ó ti lo ọdún márùn-ún ní Ho Chi Minh City, ìlú tí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ṣì máa ń pè ní Saigon. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Nígbà tí a wọ ìsinmi láàárín sáà méjì, ó pè mí pé kí n wá gbafẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo fura. Òfin ni mo yàn nígbà tí mo ṣe JAMB, Yorùbá ni wọ́n fún mi, láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń bi mí ní ìbéèrè tí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí mọ̀ dáadáa: "Kí lo fẹ́ fi Yorùbá ṣe?"

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nílẹ̀. Bàbá wa kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi kò sì wá síbi ìsìnkú. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Bó bá jáde kúrò ní Vietnam, ó lè má rí ọ̀nà wọlé padà. Ó fi owó ránṣẹ́, owó náà sì pọ̀. Láti ìgbà yẹn, tí òun àti màmá wa bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kì í ju "Ṣé àlàáfíà ni?" "A dúpẹ́" lọ. Nígbà tí mo ń dì ẹrù mi, màmá gbé gàrí àti ẹ̀gúsí lílọ̀ fún mi. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n sọ fún un. Wọ́n ń bá iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn lọ. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé mo kí i." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti gba físà. Láti Èkó, a dúró ní Doha, a sì tún fò títí tí ẹsẹ̀ mi fi wú. Báàgì kan ṣoṣo ni mo gbé kọ́ ẹ̀yìn. Aago wọn fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú tiwa, nítorí náà nígbà tí mo fi fóònù sọ fún màmá pé mo ti dé, ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Èkìtì.

Ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ẹlòmíràn méjì ló jọ ń gbé yàrá kan, onílé wọn kò sì fẹ́ àlejò, torí pé òfin ní kí wọ́n fi orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá sùn mọ́jú sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Nítorí náà mo gba bẹ́ẹ̀dì kan ní ilé àwọn arìnrìn-àjò tí kò jìnnà sí òpópónà Bùi Viện. Yàrá ẹlẹ́ni mẹ́jọ ni, bẹ́ẹ̀dì olókè àti onísàlẹ̀. Orin kì í dákẹ́ ní Bùi Viện títí di ìdájí. Lálẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, mo rò pé wọ́n ń ṣe ìnáwó kan ládùúgbò náà ni. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbà pé bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn.

Ẹni tó bá rò pé òun ti rí ọ̀kadà rí, kó dé Saigon ná. Alùpùpù inú ìlú náà lé ní mílíọ̀nù méje. Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì lórí ẹyọ kan; fíríìjì lórí òmíràn; igi òdòdó odindi lórí òmíràn. Wọn kì í dúró fún ẹni tó fẹ́ sọdá títì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mò ń wojú ọ̀run. Ìyá àgbà kan tó gbé àpò ewébẹ̀ dání ló di ọwọ́ mi mú, tó sì fà mí wọ inú rẹ̀. Kò sáré, kò dúró, kò sì wẹ̀yìn. Ńṣe ni alùpùpù ń pín sí méjì níwájú wa bí omi ṣe ń yí òkúta ká. Nígbà tí a dé òdìkejì, ó gbá mi lẹ́jìká pẹ́pẹ́, ó bá tiẹ̀ lọ. Òfin ibẹ̀ nìyẹn: má sáré, má ṣe padà sẹ́yìn. Sísáré àti pípadà ló ń pa èèyàn.

Nígbà tí ẹ̀rù títì ti kúrò lọ́kàn mi ni mo tó gbójú sókè, tí mo rí ohun tó wà káàkiri lórí pátákó. Àmì ohùn ni o! Ó wà lára ilé ìfowópamọ́, ó wà lára ṣọ́ọ̀bù oògùn, ó wà lára kẹ̀kẹ́ obìnrin tó ń ta búrẹ́dì. Ó wà lára páànù tí fọ́kànáísà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ọ̀dà sí. Kódà lára ògiri kan tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má tọ̀ síbẹ̀, àmì ohùn pé perepere. Mo ya fọ́tò ògiri náà. Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ wa tó yọ máàkì mẹ́jọ, ojú tì mí.

Ábídí Látìn ni wọ́n fi ń kọ èdè wọn bíi tiwa. Ohùn mẹ́fà ni wọ́n ní nínú àkọtọ́: márùn-ún ní àmì, ọ̀kan kò ní, bí ohùn àárín wa náà kò ṣe ní. Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ tí gbogbo wọn máa ń fún àlejò. "Ma" ni iwin. "Má" ni ìyá, lẹ́nu àwọn ará gúúsù. "Mà" ni ṣùgbọ́n. "Mả" ni sàréè. "Mã" ni ẹṣin. "Mạ" ni ọ̀gbìn ìrẹsì tí wọn kò tíì lọ́ sínú oko. Bí èèyàn bá gbàgbé àmì, ìyá rẹ̀ lè di iwin, ó sì lè di sàréè.

Àmì tó wà lábẹ́ lẹ́tà wọn ló kọ́kọ́ tàn mí jẹ. "Chợ" ni wọ́n ń pe ọjà. Ojú Yorùbá ni mo fi kà á, mo rò pé ọ tiwa nìyẹn. Rárá o. Àmì abẹ́ lẹ́tà lọ́dọ̀ wọn, ohùn ni: ohùn kan tó wálẹ̀, tó sì já gùdù nínú ọ̀fun. Lọ́dọ̀ tiwa, ó ń sọ fáwẹ́ẹ̀lì di òmíràn, ó sì ń sọ s di ṣ. Irinṣẹ́ kan náà ni, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀nà tí àkọtọ́ méjèèjì sì gbà wọlé jọra. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì láti Pọtogí ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà Látìn kọ èdè Vietnam ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Alexandre de Rhodes tẹ ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ jáde ní Róòmù ní 1651. Tiwa, ẹ mọ̀ ọ́n: 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Samuel Àjàyí Crowther kọ́kọ́ jáde. Ilé ìjọsìn ni àwọn méjèèjì ti wá. Ṣùgbọ́n ní 1945, nígbà tí Hồ Chí Minh kéde òmìnira, ìjọba tuntun náà dá ètò sílẹ̀ láti kọ́ mẹ̀kúnnù ní ìwé kíkà, àkọtọ́ yìí ni wọ́n sì lò, tòun tàmì. Mi ò ní purọ́ fún yín o, àwọn ọ̀dọ́ wọn náà máa ń fo àmì nígbà mìíràn bí wọ́n bá ń kánjú kọ ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi yangàn, gẹ́gẹ́ bí èmi ṣe ń fi tèmi yangàn.

Ohun kejì tó jẹ́ kí ara tù mí ni bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ní ilé tí mo dé sí bi mí ní ọjọ́ orí mi kó tó bi mí lórúkọ. Nígbà tó rí i pé òun fi ọdún méjì jù mí lọ, ó ní òun ni "chị", èmi ni "em". "Chị" ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, "anh" ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, "em" sì ni àbúrò, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Wọn kò mọ bí a ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ láì mọ ẹni tó dàgbà. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì tí a jọ wà ní yàrá ń ráhùn pé ìyọnu ni. Èmi ń rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Orúkọ nìkan ló yàtọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ wo ilé ìfìwéránṣẹ́ ńlá tí àwọn Faransé kọ́ ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òrùlé rẹ̀ ga, ó tẹ̀ bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, àwòrán Hồ Chí Minh sì wà lára ògiri lókè pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé bàbá kan tó ń jẹ́ Dương Văn Ngộ ló máa ń jókòó sídìí tábìlì níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, tó ń bá àwọn èèyàn kọ létà, tó sì ń bá wọn túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá náà kú ní 2023. Mo dúró, mo ń ro iye ọ̀rọ̀ ìyá sí ọmọ àti ọkọ sí ìyàwó tí yóò ti gba ọwọ́ ẹni kan ṣoṣo kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "O rí i? Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló fi jẹun." Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé.

Orí àga rọ́bà kékeré, lẹ́bàá títì, ló ti sọ ọ́ tán. A ń jẹ cơm tấm, ìrẹsì tó fọ́ sí wẹ́wẹ́, oúnjẹ tálákà tẹ́lẹ̀ tí gbogbo ìlú wá ń jẹ báyìí, pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun àti omi ẹja tí wọ́n ń pè ní nước mắm. Òórùn omi ẹja yẹn le bíi ti irú; ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á sá, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní fẹ́ jẹun láìsí i.

"Àbúrò mi," ó ní, "fi Yorùbá yẹn sílẹ̀. Màá san owó yunifásítì aládàáni fún ọ. Lọ ka Gẹ̀ẹ́sì. Tí o bá parí, kí o máa bọ̀ níbí."

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti wà ní ọdún kẹta."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé o fẹ́ máa kọ́ àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ ni? Ìwọ alára, o ò kì í fi àmì sí i."

Ìyẹn dùn mí, torí pé òótọ́ ni. Mo bi í bóyá iṣẹ́ tiẹ̀ ń fún un láyọ̀. Ó fi ṣíbí ro ìrẹsì rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ràn àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n àwọn òbí kan máa ń wo ojú òun, wọ́n á ní òyìnbó làwọn ń wá. Ó ní, "Ṣùgbọ́n mo wà. Mò ń jẹun." A kò sọ̀rọ̀ náà mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó gba ọjọ́ mẹ́ta níbi iṣẹ́, àwa méjèèjì sì gbéra lọ sí Cần Thơ, ìlú tó tóbi jù lọ ní ẹnu odò Mekong. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 170 sí Saigon. Bọ́ọ̀sì onibẹ́ẹ̀dì la wọ̀: èèyàn á bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fún un ní ọ̀rá láti kó o sí, ó sì di orí bẹ́ẹ̀dì. Odò Mekong bẹ̀rẹ̀ láti òkè Tibet, ó gba orílẹ̀-èdè mẹ́fà kọjá, ó sì fi ju kìlómítà 4,000 rìn kó tó dé òkun. Ní Vietnam, ó ya sí ẹ̀ka-ẹ̀ka. Cửu Long, dírágónì mẹ́sàn-án, ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú bí ẹní. Oko ìrẹsì ni lọ́tùn-ún, odò kékeré ni lósì, sàréè funfun wà láàárín oko, igi àgbọn wà níbi gbogbo. Ó ju ìdajì ìrẹsì Vietnam lọ tó ń ti ibẹ̀ wá. A gun afárá Cần Thơ tí wọ́n ṣí ní 2010. Kó tó di ìgbà náà, inú ọkọ̀ ojú omi ni mọ́tò máa ń wọ̀ sọdá.

Ilé obìnrin àgbàlagbà kan létí odò la dé sí. "Cô" ni a ń pè é, bí ẹni ń pe àǹtí. Aago márùn-ún àárọ̀ ọjọ́ kejì la wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà orí omi ti Cái Răng. Àwọn ọkọ̀ ńlá dúró, àwọn kéékèèké ń rá pálá láàárín wọn. Iwájú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni òpó oparun gígùn kan wà, wọ́n sì so ohun tí wọ́n ń tà mọ́ orí rẹ̀. Bí o bá rí ọ̀pẹ̀yìnbó lórí òpó, ọ̀pẹ̀yìnbó ló wà nínú ọkọ̀. Bó bá jẹ́ elégédé, elégédé ni. Láti ọ̀nà jíjìn, láìpariwo, oníbàárà á ti mọ ibi tó ń lọ. Wọ́n ní bí o bá rí ewé igi àgbọn lórí òpó, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tà. Aṣọ tí wọ́n sá nìkan ni wọ́n ń so kọ́ tí wọn kì í tà. Ọjà náà kò tóbi bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Títì àti afárá ti gba oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo fẹ́ mu omi àgbọn, mo sì fẹ́ fi hàn ẹ̀gbọ́n mi pé mo ti gbọ́ èdè díẹ̀. Mo ké sí obìnrin kan nínú ọkọ̀ kékeré, mo ní, "Dưa!" Obìnrin náà gbé bàrà ńlá kan lé mi lọ́wọ́, irú èyí tó pupa nínú. Mo mi orí, mo tún pariwo jù ti àkọ́kọ́, "Dưa!" Ó tún gbé òmíràn. Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wá rí ibi tí ojú mi ń wò, ó na ọwọ́ sí àgbọn, ó sì sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ fa ohùn náà wálẹ̀: "Dừa."

Ohùn ìsàlẹ̀! Mo gbọ́ ọ kedere, bí ìgbà tí wọ́n ń pe "dò" fún wa ní kíláàsì. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin òyìnbó kan tó wà nínú ọkọ̀ wa gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bàrà ló ń rí gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ lọ kọ "mo fe je agbon" sórí ìwé láìfi àmì sí i, kí ẹ wá wò ó bóyá àgbọn ni wọ́n máa gbé wá, àbí agbọ̀n, àbí agbọ́n tó ń tani.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn oúnjẹ, àwa mẹ́ta jókòó sí ẹ̀yìnkùlé tó kọjú sí odò. Cô ń sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ń túmọ̀ ìwọ̀nba tó gbọ́. Ọmọ Cô ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan nítòsí Saigon. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti kúrò níbẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ láti inú òkun máa ń gun odò wọlé, ó sì ń ba oko jẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá di ọdún tuntun wọn, Tết, ọmọ náà á wálé. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó bi í ní ìbéèrè kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbọ́ nínú rẹ̀: má. Ìyá. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka márùn-ún dáhùn. Cô wò ó, ó ṣàánú fún un, ó sì kó àwo wọlé.

"Bọ̀ọ̀dá mi," mo ní, "ẹ̀yin àti màmá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Màmá fúnra wọn ló ní kí n má wulẹ̀ dààmú." Ó yọ fóònù rẹ̀. Ó ti fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ láti ọdún méjì, èyí tí màmá fi fóònù wọn alátọ́ọ̀ṣì kọ ránṣẹ́ lẹ́yìn tó fi owó ìsìnkú ránṣẹ́. Ó kà á sí mi létí: "Mo rí owó tí o fi ránṣẹ́. Owó kọ́ ni mo ń wá. Kí o ṣáà wà, ó ti tó." Ó ní, "Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mo ní màmá ti dárí jì mí. Kí n ṣáà ti wà láyé, ó tó wọn."

Mo ní kó jẹ́ kí n rí i. Bí màmá ṣe kọ ọ́ nìyí:

"Mo ri owo ti o fi ranse. Owo ko ni mo n wa. Ki o saa wa, o ti to."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo tún un kà, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ohùn màmá, bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń bẹ èèyàn tí wọn kò sì fẹ́ kó hàn. Ara mi tutù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ó dá yín lójú pé wà ni?"

"Kí ló tún lè jẹ́?"

"Wá. Kí o ṣáà wá, ó ti tó."

Kò sọ nǹkan kan. Ọkọ̀ kan ń kọjá lórí odò, iná rẹ̀ kékeré. Mo bi í pé èsì wo ló fọ̀ sí màmá lọ́jọ́ náà. Ó gbé ojú sílẹ̀. Ó ní, "Mo ní, 'Ẹ ṣé, Mà. Mo dúpẹ́.'"

Ẹ rò ó wò. Obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó wá. Ọmọ náà dúpẹ́, kò sì wá. Àwọn méjèèjì gbọ́ Yorùbá ju èmi lọ. Kò sí aláìmọ̀ nínú wọn.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ní Cần Thơ; ìrọ̀lẹ́ ni nílé. Ó pe màmá níwájú mi. Ó kí wọn, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ló ní, "Mà, nígbà tí Dádì kú, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ ránṣẹ́ sí mi, ṣé wà lẹ kọ, àbí wá?"

Mo ń gbọ́ adìẹ tó ń ké lẹ́yìn màmá. Wọn kò dáhùn kíákíá. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò le.

"Wá ni mo kọ," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n bí o kò bá wà, báwo lo ṣe máa wá?"

Mo dìde, mo lọ dúró létí omi. Mi ò mọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò sì bèèrè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo padà dé, ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lórí fóònù, èdè Èkìtì ló sì ń sọ, èyí tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a fi padà sí Saigon, mo sọ fún un pé màá parí Yorùbá mi. Mi ò ní èsì ńlá sí ìbéèrè rẹ̀. Mi ò tíì mọ iṣẹ́ tí màá ṣe. Mo kàn sọ fún un pé ó dà bíi pé iṣẹ́ wà nílé tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ṣì rò pé Gẹ̀ẹ́sì ló lówó lórí. Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ó fi ọ̀rá bàtà rẹ̀ gbá mi lórí, ó sì sùn lọ.

Mo ti padà sí yàrá mi ní ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Mo fi kíbọọ̀dù Yorùbá sórí fóònù mi; iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Mo fi sórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi náà kí n tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ti màmá kò gbà á, nítorí náà a ti fẹnu kò: ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, kí wọ́n pè, kí wọ́n má kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì wálé bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kọ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́, ó sì fi gbogbo àmì sí i fúnra rẹ̀: "Sọ fún màmá pé mò ń bò ní Disẹ́ḿbà." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo fèsì pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, bọ̀ ni, kì í ṣe bò. Kí lẹ fẹ́ bò?" Ó ní kí n yọ máàkì méjì, kí n ṣáà jẹ́ iṣẹ́ tí òun rán mi.

Mo pe màmá, mo sì fi ẹnu mi jẹ́ ẹ.